Kérésìmesì sí Ọdún Tuntun: àṣà ilẹ̀ òkèèrè wo ló máa bá ilé yín mu?

Kí ẹ tó yá àṣà kankan lọ́wọ́ ará òkèèrè fún ọdún yìí, ẹ kọ́kọ́ dá ara yín lóhùn: bí aago bá lu méjìlá òru lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, níbo lẹ máa wà? Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìjọ, ì báà jẹ́ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Peckham, orí ìkúnlẹ̀ lẹ máa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí pásítọ̀ á máa ka ìṣẹ́jú tó kù. Ìdáhùn yẹn nìkan ti lé bí ìdajì àwọn àṣà tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn. Àjàrà méjìlá ti Spéìn, ìgbì méje ti Bràsíìlì, korobá omi ti Kúbà, ìṣẹ́jú kan náà yẹn ni gbogbo wọn ń bá ìjọ du.

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń dán irú nǹkan wọ̀nyí wò. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, Màmá, ìyá ọkọ mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ Alhaji kì í sì í pa Kérésì ilé wa jẹ. Àbúrò mi obìnrin wà ní Manchester pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ tirẹ̀. Nítorí náà, ilé méjì ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n: ilé tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí iná ń ṣe ségesège, àti ilé tí ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi àṣà àjèjì ṣe. Ẹ jẹ́ ká rántí pé àlejò ni Kérésìmesì fúnra rẹ̀. Lóṣù Kejìlá 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, jọ ṣe é ní Àgbádárìgì. Ìsìn àìsùn ìparí ọdún tí à ń pè ní crossover, àwọn ọmọ ìjọ Moravia ní Herrnhut lórílẹ̀-èdè Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1733, kí àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ibi tí àṣà ti wá kọ́ ni mo ń wò. Ohun mẹ́ta ni mo ń wò: wákàtí tó ń fẹ́, owó tó ń jẹ, àti bóyá ọmọdé máa rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló lágbára jù. Àṣà tí ìyá ilé nìkan ń ṣe, tí àwọn yòókù jókòó tí wọ́n ń wòran, kì í rí ọdún kejì.

| Àṣà | Ìgbà rẹ̀ | Ohun tó ń náni | Èrò tèmi |
|---|---|---|---|
| Àjàrà 12, Spéìn | 12 òru, ìparí ọdún | Ó wọ́n ní Nàìjíríà, kò wọ́n ní ìlú òyìnbó | Ó forí gbárí pẹ̀lú ìsìn |
| Aṣọ funfun, Bràsíìlì | Òru kan náà | Ọ̀fẹ́, bí funfun bá ti wà nínú àpótí | Kò sí èyí tó rọrùn tó o |
| Ìwé, Iceland | Alẹ́ 24 | Ìwé kan fún ẹnì kan | Ó dùn, bí iná bá wà |
| Posada, Mẹ́síkò | Alẹ́ 16 sí 24 | Ìpápánu àti ohùn | Ilé olójúlé púpọ̀ |
| Àwo àlejò, Pólándì | Alẹ́ 24 | Àwo kan | Ẹni tó wà lókè òkun |
| Fìtílà ìràwọ̀, Philippines | Ìgbàkígbà kí ọdún tó dé | Ọparun, bébà, gọ́ọ̀mù | Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ |
| Álímọ́ńdì, Denmark | Alẹ́ 24 | Ẹyọ kan péré | Òun ni mo mú |

Àwọn tó ń fẹ́ àárín òru

Ní gbàgede Puerta del Sol ní Madrid, bí aago bá ti ń lu méjìlá ni wọ́n ń ju àjàrà sẹ́nu, ẹyọ kan fún ìlù kan. Ẹni tó bá jẹ méjìlá tán kí ìró tó parí, oṣù méjìlá tó ń bọ̀ á dára fún un. Àwọn olówó Madrid ti ń ṣe é kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ṣùgbọ́n ní 1909 tí ìkórè àwọn olóko ní Alicante pọ̀ ju ohun tí ọjà lè gbà ni àṣà náà tàn kálẹ̀.

Àwa dán an wò lẹ́yìn tí a ti ti ìsìn dé, ní nǹkan bí aago kan kọjá. Fóònù la fi ṣe agogo. Àjàrà tí mo rà ní kóró nínú, èmi ò sì tètè mọ̀. Nígbà tí agogo fi máa lu ẹ̀keje, ọmọ mi àárín ti kó márùn-ún sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wò ó tó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ò ní béèrè ibi tí gbogbo rẹ̀ fọ́n sí. Léèsì funfun tí Màmá wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àṣà yìí dùn, àmọ́ ẹ ra èyí tí kò ní kóró, kí ẹ sì la ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sí mẹ́rin lóròó, nítorí odindi àjàrà lè há ọmọdé lọ́fun. Màmá ní kí ló dé tí a ò lo àgbálùmọ̀ tó jẹ́ pé àsìkò rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi àgbálùmọ̀ ṣe é, kó tètè bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́.

Ti Bràsíìlì kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Aṣọ funfun tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń wọ̀ lọ sí etíkun Copacabana ní Rio lóru ọdún tuntun, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé àti Umbanda ló ti wá. Àwọ̀ Oxalá ni funfun lọ́dọ̀ wọn, èyíinì ni Òòṣàálá tiwa. Òdòdó àti ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń tì sójú òkun, ti Iemanjá ni. Yemọja tó jẹ́ pé Odò Ògùn ni tirẹ̀ nílé, nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú kọjá òkun ló di olókun lọ́hùn-ún. Wọ́n tún máa ń fo ìgbì méje, tọrọ-tọrọ ìre pẹ̀lú ìfò kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá máa mú un, ẹ mú aṣọ náà. Ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń wọ funfun wọnú ọdún, kò sí ẹni tó máa bi yín léèrè ohunkóhun. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tí kì í sá fún Yemọja, ẹ̀yin lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ti ìgbì fífò, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ ní Èkó. Òkun tiwa máa ń fa ènìyàn, òru sì ni. Kí wọ́n má fi ọdún ṣọ̀fọ̀.

Ti Kúbà kò gba àkókò. Bí aago bá lu méjìlá, wọ́n á gbé korobá omi, wọ́n á dà á sóde lójú fèrèsé tàbí lẹ́nu ọ̀nà kí ìdọ̀tí ọdún tó ń lọ bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ o. Ìjà àyálégbé tí korobá kan máa dá sílẹ̀, ọdún náà á gbó kó tó parí. Níbi tí wọ́n bá ti ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ẹ̀rúwà, kẹ́ẹ̀gì kan fún ìdọ̀tí ọdún ti wọ́n jù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ti Scotland ló bá crossover mu jù lọ. Wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn àárín òru ló ń ṣe àtọ́nà ọdún: kó jẹ́ ọkùnrin, kó ga, kí irun rẹ̀ dúdú, kó sì mú èédú, iyọ̀, bísíkíìtì tàbí ọtí wísíkì dání. Àwa náà kúkú mọ ẹlẹ́sẹ̀ ire yàtọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ òfò; ta ni kì í wo ẹni tó kọ́kọ́ bá pàdé láàárọ̀ ọjà? Gbogbo wa la sì dúdú, ìdánwò tiwọn ti rọrùn. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó dúró sẹ́nu géètì, ọmọ tó bá ṣe dáadáa jù lọ́dún náà la ó fún ní iyọ̀ àti búrẹ́dì, òun ló máa kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, tí yóò kígbe "Ẹ kú ọdún o!" sínú ilé tí kò sí ẹnì kankan. Ọ̀fẹ́ ni. Ọdún kẹrin tí a ti ń ṣe é nìyí. Ní Scotland fúnra rẹ̀, òru yìí ni ọdún gidi. 1958 ni Kérésìmesì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìsinmi ìjọba níbẹ̀.

Ilẹ̀ wá mọ́. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ̀wà àti ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ kìíní ọdún kí owó lè wọlé, ẹ̀wà ọ̀hún sì ni ẹ̀wà tiwa, tó bá ọkọ̀ ẹrú láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé ọ̀hún. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní bó bá jẹ́ pé ìrẹsì òun ẹ̀wà ń mú owó wá, ṣé irú ìyà tó jẹ òun ní yunifásítì nìyẹn.

Ẹ̀bùn: ìwé ni àbí bàtà?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n pín ọjà tó ń wọ Iceland, bébà kò wọ́n bíi ti nǹkan yòókù. Ìwé ni wọ́n bá ń fi ta ara wọn lọ́rẹ. Láti 1944 ni àwọn òǹtẹ̀wé ibẹ̀ ti ń fi ìwé kékeré tó ní àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé tuntun ránṣẹ́ sí ilé dé ilé, àsìkò náà sì ti lórúkọ, Jólabókaflóð, bí ẹni ń sọ pé àkúnya ìwé Kérésì. Alẹ́ 24 ni wọ́n ń tú u, tí kálukú á sì wọ abẹ́ aṣọ ìbora pẹ̀lú tirẹ̀.

Bàtà Jámánì yàtọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá, ọmọdé á fọ bàtà rẹ̀, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà; bí ilẹ̀ bá mọ́ tó di ọjọ́ kẹfà, ẹni mímọ́ Nikolaus ti fi ẹ̀pà, ọsàn àti ṣokoléètì sínú rẹ̀. Iceland náà ní ti bàtà, àmọ́ alẹ́ mẹ́tàlá ni tiwọn láti ọjọ́ kejìlá: ọkùnrin òkè mẹ́tàlá, onísọ̀kúsọ̀ gbogbo, ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi nǹkan sínú bàtà tó wà lójú fèrèsé. Ọ̀kan ń lá ìkòkò, ọ̀kan ń jí sọ́séèjì, ọ̀kan kò níṣẹ́ ju kó máa gbá ilẹ̀kùn gbàà lóru. Ọmọ tí kò gbọ́rọ̀, ọ̀dùnkún ló máa bá nínú tirẹ̀.

Bí ẹ bá fi wọ́n wéra, bàtà Jámánì ló kéré lówó: alẹ́ kan ni, kò sì kọlu ìnáwó ọjọ́ ọdún. Àǹfààní rẹ̀ mìíràn ni pé ọmọ á fọ bàtà ilé-ìwé rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo. Alẹ́ mẹ́tàlá ti Iceland, ẹ má dán an wò bí ọmọ yín bá ju ẹyọ kan lọ. Ní alẹ́ kẹfà, èmi fúnra mi ti gbàgbé, tí mo sì ń jí láago márùn-ún kí n wá bísíkíìtì. Ṣùgbọ́n ìwé ló fi nǹkan sílẹ̀ nínú ilé. Ọmọ mi àgbà ò fẹ́ràn à ń ka Yorùbá rárá, ìwé ìtàn Yorùbá tí mo fún un lálẹ́ ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fi tìbínú-tìbínú ṣí. Màmá ní kó máa kà á sókè. Bó bá ti ṣi àmì pè, Màmá á dá a dúró: "Ọkọ̀ kọ́, ọkọ́ ni, oko lo fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ?" Iná lọ láago mẹ́sàn-án, wọ́n gbé àtùpà oníbátìrì, wọ́n ń bá a lọ. Kí ẹ gba àtùpà yẹn sílẹ̀ láti ọ̀sán. Ìwé àlòkù náà dára, bó bá ti lè ní ewé pé.

Àlejò: àwo Pólándì àti ilẹ̀kùn Mẹ́síkò

Ní Pólándì, alẹ́ 24 ni àpèjẹ gidi. Wọ́n á dúró de ìràwọ̀ àkọ́kọ́. Koríko gbígbẹ wà lábẹ́ aṣọ tábìlì nítorí ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ Jésù sí. Oúnjẹ méjìlá, kò sí ẹran nínú rẹ̀, ẹja ni. Kí wọ́n tó jẹun, kálukú á mú àkàrà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní opłatek, á tọ ẹnì kejì lọ, á kán níbẹ̀, á sì ṣàdúrà fún un. Wọ́n á tún gbé àwo kan kalẹ̀ tí kò lólúwa, fún àlejò tí wọn ò retí.

Ẹ wò ó, ní wákàtí yẹn ní Ìbàdàn, adìẹ kẹta ni mo ń hú lọ́wọ́, ata mi ṣì wà lórí ìlà lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, èéfín ti gba ojú mi. Oúnjẹ méjìlá tí kò lẹ́ran? Kí wọ́n fi orí jì mí. Àwo àlejò sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ àwàdà nílé wa, nítorí a ò rí àga tó ṣófo rí lọ́jọ́ Kérésì. Orí kẹ́ẹ̀gì làwọn ọmọdé ń jókòó sí.

Ní Manchester ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í tẹ agogo ẹnu ọ̀nà àbúrò mi láìkọ̀wé ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó gbé àwo kẹrin sórí tábìlì ènìyàn mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn: "Ta ló ni ín, Mọ́mì? Ta ló ń bọ̀?" Ìbéèrè yẹn ló rán an létí akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Òṣogbo, tó máa ń kí lọ́nà ọjà. Ó pè é. Ọmọkùnrin náà ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ Yorùbá lójúkojú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó jẹ iyán ẹlẹ́lùbọ́ bí ẹni tó ń jẹ iyán ilé, ó sì fọ gbogbo àwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, àwo yìí ni kí ẹ mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ wo posada. Àwọn àlùfáà ọmọ ẹgbẹ́ Augustine ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Acolman, lẹ́bàá ìlú Mẹ́síkò, ní 1587. Alẹ́ mẹ́sàn-án ni, láti 16 sí 24. Ìdajì àwọn ènìyàn á dúró síta bíi Jósẹ́fù àti Màríà, wọ́n á máa fi orin tọrọ ibùsùn. Àwọn tó wà nínú ilé á fi orin lé wọn. Ó di ìgbà mélòó kan kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, kí oúnjẹ àti ohun mímu gbígbóná tó dé, kí wọ́n tó so piñata, ìràwọ̀ onígun méje tí wọ́n kó dídùn sí nínú, tí ọmọ tí wọ́n di lójú á máa fi igi lù.

Mi ò rí àṣà tó bá ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ mu tó èyí. Ojúlé kan á máa gba àlejò lálẹ́ kan. Orin náà kò ní kó jẹ́ ti Sípáníìṣì, "Kò, kò, kò!" "Ta ni?" ti tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ á sì hun ìyókù. Àwọn tiwa nínú ilé máa ń béèrè pé, "Kí lẹ mú bọ̀?" tí wọ́n á fi lé Jósẹ́fù títí yóò fi sọ pé òun mú búrẹ́dì. Alhaji ló ń ṣe onílé tó lahùn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Mariyamọ ni, ẹni tí odindi sura kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta ti tó o. Mẹ́sàn-án á sọ gbogbo ilé di onígbèsè àkàrà.

Fún piñata, ẹ fẹ́ fèrè ọmọdé (bàlúùnù) kó tóbi, ẹ po ògì gbígbóná kó ki, kó sì tutù, ẹ rẹ ìwé ìròyìn tí ẹ ti ya sínú rẹ̀, kí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ ní ìpele mẹ́ta. Ọyẹ́ máa gbẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, kó máa dún kó-kó bí igbá. Ẹ bẹ́ fèrè inú rẹ̀, ẹ kó gúgúrú, kúlíkúlí àti súìtì sí i. Ìta ni kí ẹ so ó sí. Gílóòbù pálọ̀ wa kan ti bá eré yẹn lọ.

Iná tí kò ní jó ilé

Ìràwọ̀ ọparun tí àwọn ará Philippines ń pè ní parol ni mo máa kọ́kọ́ gbà yín nímọ̀ràn. Lóṣù Kẹsàn-án ni Kérésì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á sì so ìràwọ̀ onígun márùn-ún sójú fèrèsé títí di ìsìn òwúrọ̀ kùtù mẹ́sàn-án tí wọ́n ń ṣe láti 16 sí 24. Bí ọmọ bá lè fi igi ìmọ̀ ọ̀pẹ kan wíńdì, ó lè ṣe é: ìràwọ̀ méjì, igi kéékèèké márùn-ún láàárín wọn kó lè wú, bébà aláràbarà lójú rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré nínú. Ọ̀sán méjì gbáko ni ilé máa fi dákẹ́ rọ́rọ́.

Òbìrìkìtì ewé tí àwọn Jámánì ń fi àbẹ́là sí lórí lẹ́wà púpọ̀. Johann Hinrich Wichern ló ṣe àkọ́kọ́ ní Hamburg ní 1839, nítorí àwọn ọmọ tó ń tọ́jú kò yé béèrè pé ọjọ́ mélòó ló kù. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́-ẹrù ló tò ó sí, pẹ̀lú àbẹ́là kéékèèké àti ńláńlá mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ, ọyẹ́ àti iná lórí tábìlì kan náà? Manchester nìkan. Nílé, rárá o.

Kinara, ọ̀pá àbẹ́là oníná méje ti Kwanzaa, ọdún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ ní Houston tàbí Atlanta ni mo ń bá sọ ọ́. Maulana Karenga ló dá a sílẹ̀ ní Kalifóníà ní 1966, láti 26 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ kìíní ọdún: dúdú kan, pupa mẹ́ta, àwọ̀ ewé mẹ́ta. Èdè Swahili ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó wọ ọ̀pọ̀ Yorùbá lára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ti ilé-ìwé dé tó ń béèrè, ẹ bá a ṣe é. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tó ń kí i káàbọ̀ síbẹ̀, ìbátan ni wọ́n.

Ẹni tó ti rẹ̀, ẹni tí owó ti tán

Jàpáánì ni kí ẹni tí kò fẹ́ dáná kọ́gbọ́n lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ lásán ni Kérésìmesì lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí KFC ti polówó ara rẹ̀ fún un káàkiri ní 1974 ni wọ́n ti ń sanwó adìẹ sísun sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n wá gé kéèkì olómi-wàrà tí wọ́n fi strawberry sí lé e. Ẹ má sọ fún ìyá ọkọ yín pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò wọlé kí ọdún tó dé, ẹ wo Etiópíà. Ọjọ́ keje oṣù Kìíní ni Genna, Kérésìmesì tiwọn, lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́tàlélógójì tí wọn ò fẹnu kan ẹran, wàrà tàbí ẹyin. Ọbẹ̀ adìẹ ẹlẹ́yin tí wọ́n ń pè ní doro wat ni wọ́n fi ń ṣínu. Àbúrò mi ti gbé àpèjẹ ẹbí tirẹ̀ síbẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù lọ́sẹ̀ Kérésì. Adìẹ kì í wọ́n bíi ti ọ̀sẹ̀ ọdún mọ́, kò sì sí ẹni tó ń kánjú.

Ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú oúnjẹ

Mẹ́ta ni mo fi wéra níbí. Àwọn Gíríìsì ń fi owó ẹyọ kan sínú kéèkì vasilopita lọ́jọ́ kìíní ọdún; bàbá ilé á gé e, ti Jésù ṣáájú, lẹ́yìn náà kó máa lọ láti orí àgbà dé orí ọmọdé, ẹni tí owó bá bọ́ sí lọ́wọ́ ló lọdún. Mo fẹ́ràn pé àgbà ló ṣáájú, àmọ́ owó irin àti eyín ọmọdé kì í ṣọ̀rẹ́. Spéìn ń fi ère kékeré àti ẹyọ ẹ̀wà kan sínú kéèkì Ọba Mẹ́ta lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kìíní. Ẹni tó rí ère dé adé, ẹni tó rí ẹ̀wà ló máa san owó kéèkì. Nínú ẹbí tiwa, ẹni tó bá rí ẹ̀wà yẹn á kúkú gbé e mì.

Ti Denmark ni àyànfẹ́ mi. Ìrẹsì tí wọ́n fi wàrà sè tó ti tutù ni wọ́n ń jẹ kẹ́yìn lálẹ́ 24, wọ́n á gé álímọ́ńdì wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi odindi ẹyọ kan péré pamọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá rí i kò ní sọ. Á fi sí kọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí àwọn yòókù lè máa jẹ lọ títí oúnjẹ á fi tán.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo se ìrẹsì náà bí wọ́n ṣe ń sè é. Màmá wo inú àwo, ó wo ojú mi. "Ìrẹsì onísúgà? Ta ni ara rẹ̀ ò yá?" Kò tọ́ ọ wò. Lọ́dún kejì ni mo sọ ọ́ di mọ́ín-mọ́ín, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kọ̀ nílé wa. Ẹlẹ́mìí méje ni, ewé eéran ni mo pọ́n ọn sí. Kajú tí mo fọ́ wẹ́wẹ́ wà nínú gbogbo rẹ̀ kí ahọ́n má lè fura, odindi kajú kan sì wà lábẹ́ ẹyin nínú ẹyọ kan. Mo ṣẹ́ ewé gbogbo wọn bákan náà, mo tò wọ́n sórí igi ewé nínú ìkòkò, mo sì kọjú sẹ́yìn kí ọkọ mi pò wọ́n pọ̀, kí èmi náà má mọ èyí tó jẹ́. Bí ara ẹnì kan bá wà nínú ilé tí kì í gba ẹ̀pà tàbí kajú, ẹ lo odindi ẹyọ àgbàdo sísè. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi álímọ́ńdì àti ṣúgà mọ ni ẹ̀bùn tí wọ́n sábà ń fún ẹni tó borí ní Denmark. Nítorí Alhaji, ẹ̀bùn tiwa ni pé ẹni náà kò ní fọ àwo títí di ọdún tuntun.

Lọ́dún tó kọjá, a tú ewé mọ́ín-mọ́ín tán, ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ń yẹ ẹnu ara wọn wò. Alhaji búra. Ọkọ mi ní bóyá mo gbàgbé láti fi í sí i, inú sì bí mi, mo ń ka ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. A ti kó àwo dé ilé ìdáná nígbà tí Màmá, tí kò fọ àwo láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, fi ìka méjì yọ kajú látinú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé e lé etí tábìlì, ó ní, "Ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó di ọdún tuntun kí n tó fọwọ́ kan àwo."